Orúkọ Tí Ó Wà Lára Ògiri

Ó di ọdún kọkànlá tí obìnrin apòògùn kan ti ń ṣe alábòójútó kẹ́míìsì kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, kí ó tó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé ìtajà náà. Kì í ṣe ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Bàbá náà, apòògùn bíi tirẹ̀, ti darúgbó, ó sì ti padà sí Iléṣà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bá a ta ilé àti ọjà fún ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó. Ọmọdébìnrin tí ń bá a tajà ni ó sáré wọlé:

“Àǹtí, àwọn kan ń ka igò oògùn níwájú. Wọ́n ní àwọn ti ra gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé.”

Obìnrin náà gbójú sókè wo ògiri. Ìwé àṣẹ tí ó ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ Àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn apòògùn wà níbẹ̀ nínú férémù, orúkọ rẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ gàdàgbà. Ṣé orúkọ yìí náà wà nínú ohun tí wọ́n rà?

Ìlú aró ni Òṣogbo, ọ̀rọ̀ náà kò sì yẹ kí ó ṣòro fún ará ibẹ̀. Bí aláró bá ta ìkòkò rẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ aṣọ í rẹ kò bá ìkòkò lọ. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1974 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní abala 10: a kò gbọdọ̀ gbé àdéhùn iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kan fún òmíràn, àfi bí òṣìṣẹ́ bá gbà, tí aláṣẹ ọ̀ràn iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i.

Abala 91 ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Níbẹ̀ ni òfin ti túmọ̀ òṣìṣẹ́, tí ó sì yọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kúrò. Ọmọdébìnrin tí ń tajà jẹ́ òṣìṣẹ́. Àǹtí rẹ̀ tí ó lo ọdún márùn-ún ní Yunifásítì Ifẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin ta agboòrùn bo àbúrò, ó fi ẹ̀gbọ́n sínú òjò!

Ohun tí ó kù fún ẹ̀gbọ́n ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ àti ìdájọ́ àtijọ́. Ní ọdún 1940, nínú ẹjọ́ Nokes, awakùsà kan, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Ìlú Ọba pinnu pé a kì í gbé ènìyàn fún ọ̀gá tuntun láìgba ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti kọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti dúró. Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Láti ọdún 1981 ni òfin wọn ti pàṣẹ pé bí iṣẹ́ bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, òṣìṣẹ́ yóò bá a lọ, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ àti iye ọdún tí ó ti lò; wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2006. Nígbà tí Sainsbury's ta ilé oògùn 281 fún Celesio ní 2016, àwọn apòògùn ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Òtítọ́ ni pé ààbò náà kì í ṣe ti ayérayé: ní 2023 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò ti àwọn ẹ̀ka inú ilé ìtajà Sainsbury's wọ̀nyí pa.

Ká ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìpín lábẹ́ òfin ni bàbá náà dá, tí ó sì jẹ́ ìpín inú rẹ̀ nìkan ni ó pààrọ̀ ọwọ́, ọ̀gá kan náà ni òfin yóò kà á sí, àdéhùn a sì máa bá a lọ. Ilé àti ọjà ni àwọn ará Èkó rà. Wọ́n gbé lẹ́tà tuntun wá lọ́jọ́ kẹta: owó oṣù kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó parí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń kà fún bàbá arúgbó kan, ó ṣàlàyé bí yóò ṣe lò ó, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó gun àpótí, ó sọ férémù kalẹ̀, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó mú lẹ́tà wá mọ̀ pé kẹ́míìsì tí kò ní apòògùn alábòójútó kò lè tajà.

“Mà, ìgbà wo ni ẹ ó gbé e padà?”

“Ìgbà tí ẹ bá kọ ọdún mọ́kànlá náà sínú rẹ̀.”