Kọ̀ǹpútà Ò Tíì Tọ́ Ilẹ̀ Wa Wò

Oko bàbá wa wà lórí iSDAsoil, máàpù ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, á sọ bí nitrogen, phosphorus àti potassium ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó bu erùpẹ̀ oko náà lọ fún àyẹ̀wò rí. Èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ tó lé ní 100,000 láti ibòmíì ni wọ́n kó jọ, wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì kún un, kọ̀ǹpútà wá ń fi ibi tí wọ́n dé méfò ibi tí wọn ò dé. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mítà 30 níbùú lóòró, iye kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú mítà 30 tiwa, òkìtì ọ̀gán wà níbẹ̀, àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ta yọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó di iyanrìn. Ewé àgbàdo á pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Bàbá bi wá pé, "Ṣé àfiméfò la ó fi ná owó ajílẹ̀?"

Máàpù náà wúlò o: ó ń fi ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ gbẹ́ hàn wá. Ṣùgbọ́n ká gbẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò lè gbọ́n ju erùpẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ, tiwa ò sì tíì sí níbẹ̀.