Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Ọkọ̀: Táyà, Òjò àti Oòrùn láàárín Ìkẹjà àti Agége

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa èrò ọkọ̀ ní Èkó, ojú wa kì í sábà dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ wọ dánfó láàárọ̀, ohun tí à ń wò ni iye tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pè, ibi tí àyè wà, àti bóyá ṣéńjì wa yóò pé. Àwọn dírẹ́fà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pe táyà, wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ kan bá yẹ̀, ọwọ́ tó di sítíárì mú kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ táyà ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwa mẹ́rin tí a kọ ọ́, agbègbè iléeṣẹ́ tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége ni ilé wa wà. Nígbà ìsinmi tó kọjá, a ń lọ láti gáréèjì kan sí èkejì, a sì ń bi àwọn awakọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: irú táyà wo ló lè fara da òjò àti oòrùn Èkó?

Ohun tó fa ìbéèrè náà ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń kọ sára táyà: all-season. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni táyà tó wà fún gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ìgbà ta ni? Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe orúkọ yẹn, ìgbà mẹ́rin ni ọdún ní, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìgbà tí yìnyín ń bo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká ló ní táyà ìgbà ooru lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ní ti ìgbà òtútù lọ́tọ̀. Wọ́n po rọ́bà táyà òtútù kí ó rọ̀, kí ó má baà le gan-an nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù tó ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí tó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà all-season wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá rí M+S lára táyà, ẹrẹ̀ àti yìnyín ni wọ́n ń wí. Bí ẹ bá sì rí àwòrán òkè tí ẹ̀ka yìnyín wà nínú rẹ̀, wọ́n ti dán táyà yẹn wò lórí yìnyín nìyẹn.

Tiwa kò ju òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, àfi ọyẹ́ tó máa ń yà sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kódà lóru ọyẹ́, Èkó kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 lọ. Táyà tí wọ́n ṣe fún yìnyín, tí a wá gbé sórí ọ̀dà gbígbóná Òpópónà Ọba Akran nínú oṣù Èrèlé, rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Yóò tètè jẹ, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa tí a bá tẹ bíréèkì lójijì.

Bàbá kan tó ti ń na Agége sí Ìkẹjà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù. Gbogbo epo tí ọkọ̀ ti ń ro sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti eruku ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà. Ìgbà tí omi díẹ̀ bá kàn án, ọ̀nà á yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Tí òjò bá wá rọ̀ púpọ̀, á fọ̀ ọ́ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.”

Ó tẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀, ó fi èékánná tọ ojú ìlà rẹ̀. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ táyà, kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Àwa tí a kọ́ nípa ilà ojú ní kíláàsì, a mọ̀ pé àwọn ilà kan wà fún oge, àwọn kan sì wà fún ìdánimọ̀. Ti táyà kò sí fún oge rárá. Bí ilà bá ti parẹ́, àwọn dírẹ́fà a ní táyà ti pá. Táyà tó pá lè má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀rùn, àfi tí òjò bá dé. Bí ọkọ̀ bá sáré lórí omi, táyà náà á léfòó, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́fà, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó wù ú.

Lẹ́yìn èyí ni kòtò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, dírẹ́fà ń rí kòtò, ó sì ń yà fún un. Ní òjò, omi ti bò ó, gbogbo ọ̀nà á sì dà bí pẹrẹsẹ. Táyà tó já sínú kòtò lórí eré lè yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí okùn inú táyà ti já níbẹ̀, rọ́bà nìkan ló kù tó ń dá atẹ́gùn dúró. Bàbá wa ní fọkanáísà tó bá ní òun lè lẹ gẹ̀gẹ̀, kí á kí i pé ó dàárọ̀, kí á sì máa lọ.

Awakọ̀ kejì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ọjà láti àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà lọ sí Ìlọrin. Oòrùn ni ọ̀tá tirẹ̀. Ó ṣàlàyé pé táyà tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń yí. Títẹ̀ yẹn ń mú ooru wá, ẹrù wíwúwo ń fi kún un, ọ̀dà gbígbóná sì ń fi kún un, títí táyà á fi bẹ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ kan máa ń jó atẹ́gùn sílẹ̀ lọ́sàn-án nítorí pé wọ́n fọwọ́ kan táyà, wọ́n rí i pé ó le. “Òótọ́ ni pé atẹ́gùn ń wú tó bá gbóná. Àwọn tó ṣe táyà mọ̀, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Tí ẹ bá jó o sílẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tó bá tutù, kò ní tó mọ́. Ẹ sì máa rí i, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló máa bẹ́.” Òun fúnra rẹ̀, agogo mẹ́ta òru ló máa ń gbéra, kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ń fi Corolla gbé èrò tó bá fi fóònù pè é. Lọ́yẹ̀ẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ táyà tirẹ̀ la wẹ́wẹ́, bíi gìgísẹ̀ tí kò rí òróró. Lóòótọ́ ọyẹ́ nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tó ti lọ lórí rọ́bà àti oòrùn tó ti pa á wà níbẹ̀. A wo táyà náà, a rí àwòrán òkè àti yìnyín. A bi í bóyá ó mọ ohun tó jẹ́. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé ìràwọ̀ ni, pé táyà tó bá ní ìràwọ̀ ló dára jù.

Tòkunbọ̀ ni táyà náà. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ wa ni. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Orúkọ ayọ̀ ni. Nígbà tí mọ́tò àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, a fi orúkọ ọmọ náà sọ wọ́n, lẹ́yìn náà fíríìjì, lẹ́yìn náà táyà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti òkun bọ̀, ibẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Táyà tó ti òkun bọ̀, ibẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ní Ìlú Ọba, òfin ní ilà ojú táyà mọ́tò kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 1.6, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pààrọ̀ tiwọn kí ó tó dé bẹ̀. Táyà àlòkù ti mọ́tò kéékèèké wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbà kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ojú pópó. Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ ya òmùgọ̀. Ẹni tó ní owó tí yóò san fún olówó ọkọ̀ lálaalẹ́, tó sì ní epo tí yóò rà láàárọ̀, táyà tuntun mẹ́rin kọjá agbára rẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù ni pé Ìkẹjà yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe táyà rí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló pa agbègbè iléeṣẹ́ náà lẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì, tí òpópónà ńlá ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ mínísítà nínú ìjọba ọ̀hún. Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní Ìkẹjà ní 1963. Michelin ní iléeṣẹ́ tiwọn ní Port Harcourt. Michelin ti ilẹ̀kùn tiwọn ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Owó iná àti dísù ga, owó ẹnubodè lórí táyà tó ń bọ̀ láti òkè òkun sì ti wálẹ̀, ọjà tiwọn kò lè bá èyí tó ń wọlé dù ú mọ́. Àwọn bàbá kan ní àdúgbò wa ṣì ń júwe ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Iléeṣẹ́ tó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń lo ọjà rẹ̀, kò ṣòro kí ẹjọ́ òjò àti oòrùn wọn dé etí rẹ̀. Ní báyìí, ta ni bàbá Agége yìí yóò rò ó fún?

Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá lára rí. Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú wa wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́ lórí afárá gígùn tó wà lẹ́yìn Bẹ́gà. Ọ̀sán gangan ni. Dírẹ́fà kò tẹ bíréèkì. Ó di sítíárì mú ṣinṣin, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọ̀ títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohun tó gbà wá nìyẹn lẹ́yìn Ọlọ́run. Nígbà tó gbé táyà ìpààrọ̀ jáde, ó pá ju èyí tó bẹ́ lọ. Ìyá kan ní kí wọ́n dá owó òun padà. Dírẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti sọ fún ẹni tó ni ín, ó ní kí n ṣì máa lò ó.” Ọ̀kan nínú wa ya àwòrán táyà náà. Irú èyí kò mọ tálákà, kò mọ olówó. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ní táyà tó bẹ́ lórí eré wà nídìí ìjàǹbá náà.

Ẹ̀gbọ́n fọkanáísà kan ní Agége la gbé àwòrán wa lọ bá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní: “Wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i lára, ẹ kò rí i ni?” Lẹ́yìn DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí: 3511. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìgbẹ̀yìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2011. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa táyà tó bá ti lé ní ọdún 4. Èyí tó gbé wa gun afárá ti lé ní ìlọ́po méjì iye yẹn.

A pinnu láti kọ ohun tó sọ sínú ìwé ojú kan ní Yorùbá, nítorí pé gbogbo ohun tó wà lára táyà, Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. A gbé ọ̀rọ̀ méjì wá fún un pé kí ó yàn: ìtẹ̀ atẹ́gùn àti géèjì. Ó rẹ́rìn-ín. “Tí ẹ bá kọ ti àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á rò pé àdúrà ni. Ẹ kọ géèjì.” Géèjì la kọ. Ìwé náà rèé:

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ni ọjọ́ ìbí táyà. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi géèjì wọn táyà láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́fà. Èyí tó wà lára táyà ni òpin ohun tó lè gbà.

Òkè àti yìnyín kì í ṣe ìràwọ̀. Táyà òtútù ni, kì í ṣe ti Èkó.

Ilà tó ti parẹ́, gẹ̀gẹ̀, àti lílà wẹ́wẹ́: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé.

Táyà ìpààrọ̀ náà, táyà ni. Ẹ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n náà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Ó ní àwọn awakọ̀ kan ti ń bẹ̀rẹ̀ wo ọjọ́ ìbí táyà wọn, àwọn mìíràn sì ń bá òun jà pé òun fẹ́ tajà ni. Àwa èrò náà lè wò ó kí a tó wọlé, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí dírẹ́fà bá bínú, ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ìlọrin tàbí Kútọnu, ẹ kọ ohun tí àwọn awakọ̀ àdúgbò yín ń pe gẹ̀gẹ̀ àti táyà tó pá ránṣẹ́ sí wa. A fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní yẹ̀ lábẹ́ wa o.