Nígbà Tí Yìnyín Bá Ká Ọmọ Òkukù Mọ́lé

Òtútù kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí wọ́n bí ní Òkukù. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkè Ọya, ètè a máa là, gìgísẹ̀ a máa sán, kùrukùru a sì bo ọ̀nà tó lọ sí Ìkìrun àti Ìnísà láàárọ̀ kùtù. Àwọn àgbà a kó igi jọ sẹ́yìnkùlé, wọn a máa yáná títí oòrùn yóò fi yọ dáadáa. Ìyá a fi òrí pa ọmọ lára kó tó jáde lọ sílé ìwé. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ooru ti dé, kálukú ti bọ́ súwẹ́tà. Ọyẹ́ le lóòótọ́, àmọ́ oòrùn ọ̀sán máa ń lé e.

Òtútù tó bo ìlú Houston ní oṣù Kejì ọdún 2021 kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sán. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, wà lára ibi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe ìlú tí èèyàn ń retí yìnyín. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù náà, iléeṣẹ́ ERCOT tó ń darí iná mànàmáná ní ọ̀pọ̀ ibi ní Texas bẹ̀rẹ̀ sí í gé iná. Kànga gáàsì ti dì. Iléeṣẹ́ amúnáwá tó ń retí gáàsì ọ̀hún náà ti dá iṣẹ́ dúró. Ó ku ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 kí gbogbo ọ̀nà iná ìpínlẹ̀ náà dàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí ọmọ Nàìjíríà ti fojú rí débi pé kò tún yà á lẹ́nu mọ́. Ilé tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ló wà nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ kejì, òtútù Houston já sí nǹkan bí ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ìjọba Texas ka òkú tán, 246 ni. Òtútù fúnra rẹ̀ pa 161 nínú wọn. Èéfín gáàsì carbon monoxide pa 19.

Àwọn 19 yẹn ló yẹ kí ọmọ Òkukù fara balẹ̀ wò, torí pé ohun tó pa wọ́n jọ ọgbọ́n. Iná lọ, ilé tutù, kálukú wá iná mìíràn dá. Àwọn kan gbé ààrò onírin tí wọ́n fi ń sun ẹran wọ pálọ̀ pẹ̀lú èédú pípọ́n nínú rẹ̀. Àwọn kan tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì kí wọ́n lè jókòó sínú ooru rẹ̀. Àwọn mìíràn gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí yìnyín má baà bò ó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni èéfín gbé dé ilé ìwòsàn ní àgbègbè Houston.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ìjì líle kan já wáyà iná lulẹ̀ ní àgbègbè Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, lásìkò òtútù. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wo àwọn tí èéfín mú, aṣíkiri ló pọ̀ jù nínú wọn, ará Sòmálíà sì wà lára àwọn tó gbé èédú wọlé. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń dáná nílùú wọn ni wọ́n ṣe dá a. Ìwé ìròyìn Seattle Times gbé ìkìlọ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ ní oríṣiríṣi èdè, Sòmálì sì wà lára wọn, torí pé ìkìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò dé etí ẹni tó nílò rẹ̀ jù. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lédè Yorùbá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Òkukù, kí ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ lè kà á, tàbí kí wọ́n kà á sí i létí.

Gáàsì náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín igi. Ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ara á wá rẹ̀ ẹ́. Ọmọ Nàìjíríà á ní ibà ló dé, á lo oògùn, á lọ sùn. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Àmì kan wà tí kò ṣeé fojú fò: bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń lọ bí wọ́n bá jáde síta, kì í ṣe ibà.

Kí ló dé tí gáàsì yìí kì í fi í pa àwọn ará Òkukù láàárọ̀ ọyẹ́? Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń yáná. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ sí yàrá, àlàfo wà láàárín ògiri àti páànù, fèrèsé kì í sì í dé tán. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Ilé ìlú olótùútù kò rí bẹ́ẹ̀: gíláàsì méjì ló wà lójú fèrèsé kan, fóòmù wà nínú ògiri, rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn ká, kí ooru má baà rí ọ̀nà jáde. Ohun tí kò jẹ́ kí ooru jáde ni kò ní jẹ́ kí gáàsì jáde. Nílé gan-an náà, láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ti gbòde, ìròyìn ìdílé tó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tí ilẹ̀ kò sì mọ́ bá wọn, kì í ṣe ohun tuntun. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Èédú kò ní ìlànà kankan nínú ilé ju kí wọ́n má gbé e wọlé rárá.

Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ lọ kàwé ní London náà rí tiwọn. Òtútù tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1962 kò kúrò nílẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 1963. Oṣù Kìíní ọdún náà ló tutù jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọ̀rúndún ogún. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà, hítà gáàsì ń jẹ owó ẹyọ bí ẹran tó ń jẹ koríko, tówó bá sì tán, hítà karosíìnì ló kù. Ó ń mú ara móoru, ó ń mú kí omi máa ṣàn lára ògiri, bó bá sì ṣubú, ilé á jó.

Bí ọ̀rọ̀ iná bá ti kúrò níbẹ̀, ọmọ Òkukù ti gbaradì ju ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà lágbègbè odò Ọ̀tìn kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé omi pípọn pamọ́ ṣe pàtàkì. Gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ni wọ́n ń sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣe àwọn mìíràn bíi pé ó ti pọ̀ jù. Ilé tó ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lábẹ́ àtẹ̀gùn kò ní í rí i bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì pọn omi kún inú báàfù fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní Texas lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ni ìjọba sọ fún pé kí wọ́n se omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu ún, nígbà tí iná tí wọ́n fẹ́ fi sè é kò sí.

Fírísà náà, wọ́n mọ̀ ọ́n tinútòde. Ẹni tó bá ti bá àìsí iná Nàìjíríà gbé kì í ṣí fírísà wò láti mọ̀ bóyá ẹran ṣì dì. Bó bá kún dẹ́múdẹ́mú tí wọn kò ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 48; bó bá kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Gbígbé ìkòkò ọbẹ̀ síta sórí yìnyín dà bí ọgbọ́n, àmọ́ oòrùn lè yọ sí i lọ́sàn-án, ajá tàbí ẹranko ìgbẹ́ sì lè dé ibẹ̀ ṣáájú olóbẹ̀. Gàrí, ẹ̀pà, mílíìkì alágolo àti sàdíìnì kò bẹ iná ní nǹkan kan.

Ohun tí Òkukù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ni páìpù. Omi tó bá dì máa ń wú, páìpù irin pàápàá kò lè dá a dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Texas, orí àjà ni páìpù gbà, kò sí ohun tó bò ó, nígbà tí yìnyín inú rẹ̀ sì yọ́, omi ya láti òkè wá sórí àga àti bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá ti kéde òtútù líle, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ìta máa kán tó tó tó mọ́jú, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì kí ooru lè dé ìdí páìpù. Ó tún yẹ kí gbogbo ẹni tó ti dàgbà nínú ilé mọ ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Bí baba nìkan bá mọ̀ ọ́n, tí baba sì wà níbi iṣẹ́ òru, ìyẹn kò tíì tó.

Iṣẹ́ òru ọ̀hún ló tún fa ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Àwọn ará Òkukù tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó kì í fẹ́ pa iṣẹ́ jẹ, ẹni tó sì ti ra aṣọ ẹgbẹ́ kì í fẹ́ pa òde jẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì, ìjì yìnyín bo ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀. Ẹni tó ju 40 lọ ló kú ní Buffalo àti àgbègbè rẹ̀. Àwọn kan kú sínú mọ́tò tó há sójú ọ̀nà. Àwọn kan kú sínú ilé tí kò ní ooru. Àwọn kan ń retí ọkọ̀ aláìsàn tí kò rí ọ̀nà gbà. Ọkàn àwọn mìíràn dá iṣẹ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì bá yìnyín jà nítorí pé aládùúgbò ń wò ó. Kó sanwó fún ọmọdékùnrin àdúgbò. Bí ọkọ̀ bá sì há sọ́nà, inú rẹ̀ ni kéèyàn jókòó sí, kó máa tan ẹ̀rọ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Ó kan ìyá tó ti ilé dé. Ara arúgbó kì í tètè sọ fún un pé òtútù ń mú un, àwọn ìyá wa kì í sì í fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu: wọn á ní kò sí nǹkan kan. Kí yàrá wọn má tutù ju ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra wọn sàn ju kóòtù ńlá kan lọ, kí wọ́n sì dé fìlà. Bí gbígbọ̀n wọn bá dáwọ́ dúró lójijì, tí ọ̀rọ̀ wọn ń wọ́ bíi ti ẹni tó mutí, wọn kò tíì gbádùn o. Ewu ti dé nìyẹn, àyà àti ikùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú móoru, kí wọ́n sì pe dókítà. Ògógóró kì í ṣe oògùn òtútù. Ó máa ń jẹ́ kí ooru inú ara jáde sí awọ, adùn rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe igba èèyàn sí òkú àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò ní ṣe wàhálà tó bá fẹ́ pín orúkọ àwọn tó ń dá gbé, àwọn abiyamọ àti àwọn tí ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́ láti mí, kí ẹnì kan máa pe ẹnì kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní Britain, irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, nọ́mbà 105 sì ni wọ́n ń pè bí iná bá lọ. Ní Amẹ́ríkà, 211 ló ń júwe ibi tí ìjọba ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ilé rẹ̀ tutù.

Ó wá ku aláàmù. Èyí tó ń mọ èéfín iná, àwọn ara wa ti yọ bátìrì ọ̀pọ̀ rẹ̀ nítorí ata díndín, kí wọ́n dá a padà. Èyí tó ń mọ carbon monoxide yàtọ̀, ata kì í bá a jà. Kí wọ́n ra ọ̀kan sí ẹ̀bá yàrá ìsùn, kí ó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, torí ọjọ́ tí iná bá lọ ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ìyá tó ti Òkukù dé gbọ́ bó ṣe ń dún, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe fóònù, pé kó gbé ọmọ jáde síta ná, kó tó wá ẹni tí yóò pè.