Ọ̀pá Tó Ń Bá Ọwọ́ Jà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní agboolé kan ní Bẹyẹrunka, níbi tí páànù ti dógùn-ún, tí ewúrẹ́ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń wa bàálù lálaalẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni. Flight Simulator X ni orúkọ ètò tó ń lò, ọdún 2006 ni Microsoft gbé e jáde, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà kò sì lè gbé èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìtukọ̀ tó ń dì mú ló jẹ́ kí n gbé kálàmù.

Jọ́ìsítíìkì ni àwọn ọmọ ìgboro ń pè é. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, sípíríǹgì lásán ló wà níbẹ̀: o tì í, ó padà. Bí bàálù ń sáré, bí ó sì ti fẹ́ já bọ́, bákan náà ló máa rí lọ́wọ́. Èyí tí ọmọ yìí rà ní tókùnbọ̀ ní Ògùnpa, SideWinder Force Feedback 2, yàtọ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké, irú èyí tó ń yí fáànù, wà ní ìdí rẹ̀, jíà ló sì so wọ́n mọ́ ọ̀pá. Bí eré bàálù bá pọ̀, ọ̀pá á le. Bí eré bá ń tán, á rọ̀. Bí táyà bá kan ilẹ̀, á ta ọ́ lọ́wọ́. Ọdún 1997 ni Microsoft gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tókùnbọ̀ nìkan lèèyàn lè rí.

Ẹni tó bá rò pé kí a sáà kì í mọ́ kọ̀ǹpútà ló kù, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe tirẹ̀ fún, fóòtì 120. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ó bá kì í bọ ara ògiri tààrà, èéfín ni ì bá rí. Ó kọ́kọ́ lọ ra tiransífọ́mà kékeré tí àwọn oníná ń pè ní stẹ́pùdáùn, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọ̀pá. Ojú kékeré kan tún wà lára ọ̀pá tó ń ṣọ́ bóyá ọwọ́ wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ṣí kúrò, agbára á lọ, ọ̀pá á wá rọ bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n pa. Ọwọ́ ọmọ yìí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fìgbà gbogbo bò ó. Ó bá lẹ téèpù mọ́ ọn.

Mo ní, "Ṣé kò ní bà á jẹ́?"

Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó rò pé ọwọ́ ni."

Ibi tó gba àkókò jù ni wíwọn agbára rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó gbé gbogbo rẹ̀ dé òkè téńté, bí ọ̀dọ́ ti máa ń ṣe. Bí ó ṣe fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ibà dé sí. Ó wá ń dín in díẹ̀díẹ̀, ti afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀, ti kòtò ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún wá ètò àfikún kan tó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá ti yí tírímù, ọ̀pá fúnra rẹ̀ á jókòó sí ibi tuntun tó yẹ kó wà, apá kò ní máa ro ó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Ìgbọ̀nrìrì tó máa ń ṣe nígbà tí bàálù bá fẹ́ já bọ́ nìkan ni kò gbà láti dín kù. Ó ní ìyẹn kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Nínú bàálù kékeré bíi Cessna 172, wáyà ló so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ìyẹ́ àti ìrù. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìyẹ́ ń ti ọwọ́ náà, bí onídùndún ṣe ń gbọ́ ọ̀ṣán lábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn ńláńlá ń fi agbára epo tì í, nítorí náà àwọn tó ń ṣe wọ́n ní láti wá ìwúwo àtọwọ́dá fi sí ọ̀pá. Ti Airbus kò tilẹ̀ ní ju sípíríǹgì lọ, ọ̀pá àwọn awakọ̀ méjèèjì kò sì so pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2009, bàálù Air France tó ń ti Rio lọ sí Paris já sínú òkun, èèyàn 228 ló kú. Yìnyín ló kọ́kọ́ dí ihò tí wọ́n fi ń wọn eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé awakọ̀ kan ń fa ọ̀pá sẹ́yìn, ọwọ́ èkejì kò sì lè mọ̀ ọ́n lára.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé eré ọmọdé ni fífara wé bàálù. Lọ́dún 1929, ọdún tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Link, ọmọ ẹni tó ń ṣe dùùrù ńlá, fi ẹwìrì dùùrù ṣe àpótí tó ń yí bíi bàálù. Àwọn èèyàn rò pé ohun ìṣeré ni. Ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ológun wọn ti kú bí wọ́n ṣe ń gbé lẹ́tà nínú ojú ọjọ́ burúkú, ìjọba wọn sáré ra mẹ́fà.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, tó ń fi Mícrà gbé èrò láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní ọmọ tó ti pé ogún ọdún ń ṣeré, wọ́n ti bá a wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ fífi kun kun mọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú tó wà ní Zaria láti 1964 ni ọmọ ń fẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iná wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn dì í mú."

Wọ́n dì í mú. Ọmọ náà gbé eré sókè, ọ̀pá le. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra yí i sọ́tùn-ún, ó ń tako wọ́n.

"Ó ń wúwo bíi ti Datsun tí mo fi kọ́ mọ́tò," ni wọ́n wí. "Mícrà yìí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Wọ́n wà á títí ó fi gbọ̀n, ó sì já sínú igbó. Wọ́n ní kí ọmọ gbé e padà sókè. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ni wọ́n bi mí léèrè iye tí fọ́ọ̀mù Zaria jẹ́. Mo sọ ọ́. N kò tíì sọ iye owó ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an, àwọn náà kò sì bi mí.

Ọ̀gá oníkun-ún ṣì ń retí ọmọ. Ìyàwó wọn ló sọ fún mi pé lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde lọ sí gáréèjì, wọ́n tún jókòó sídìí ọ̀pá náà.