Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Lọ Wo Òkè Ilẹ̀ Okun

Bí ìsinmi ilé ìwé bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè tí ó máa ń ti ẹnu àwọn ọmọ jáde ni pé, "Dádì, níbo ni à ń lọ lọ́dún yìí?" Ọmọ aládùúgbò ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kíláàsì wọn kan ti fi àwòrán hàn wọ́n níbi tí òun ti ń yọ̀ geere lórí òjò dídì ní ìlú òyìnbó, pẹ̀lú pákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀. Bàbá á sì dákẹ́, nítorí pé owó ilé ìwé sáà tí ń bọ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. A mọ àwọn ìdílé tí wọ́n tìtorí irú ìbéèrè yìí yá owó èlé, tí wọ́n lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì fi ọdún méjì san gbèsè. A kò bú wọn. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìdílé tí kò ní ju owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ lọ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tí yóò mú ọmọ la ẹnu sílẹ̀, bí wọ́n bá mọ ètò í ṣe. Ilẹ̀ Okun, ní agbègbè Kàbà tí a ń gbé, ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Okun ni a ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí: àwọn Owé ti Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni wọn ni ó di orúkọ wọn. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, "Okun" ni wọn yóò kí yín. Bí ẹ bá ti oko dé, "Okun". Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, "Okun" náà ni. Àwọn àgbàlagbà inú ìjọ ṣì máa ń sọ pé "Kàbà ní Kwara," nítorí pé abẹ́ Kwara ni ibẹ̀ wà títí di ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Okun tí a bí sí Èkó àti Àbújá ni kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, àfi ìgbà tí wọ́n bá lọ sìnkú. Ìyẹn dùn wá púpọ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ pé òkú nìkan ni ó mọ̀ mọ́ ilé baba rẹ̀, kí ni yóò mú un padà síbẹ̀?

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Èkìtì wá, tí ẹ kọjá Òmùò, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà. Àpáta ńláńlá yọ orí sókè láàárín igbó. Òmíràn dán bí ẹ̀yìn erin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú odò jáde, òmíràn sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Akọ òkúta ni wọ́n. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dì, nígbà tí ohun tí wọ́n jẹ́ ṣì gbóná tí ó ń yọ́. Òjò àti oòrùn àìmọye ọdún ni ó fọ erùpẹ̀ orí wọn kúrò kí wọ́n tó yọjú sí wa.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ìtàn wà lára àwọn òkè wọ̀nyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídá a máa wá kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí lẹ́rú, wọn a sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó kù. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ìlú fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí òkè lọ kọ́lé sí, wọ́n sì ń fi ìbẹ̀rù sọ̀kalẹ̀ wá ro oko. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ ṣẹ́gun Bídá nínú oṣù kan náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a kó àwọn ọmọ ìjọ gun ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, a bi wọ́n léèrè bí ìyá tí ó pọn ọmọ, tí ó tún ru ẹrù, ṣe lè gùn ún lóru. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń mí helehele. Ọmọbìnrin kan wá béèrè pé, "Omi ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń rí omi mu níbí?" A kò ní èsì. A gbé ìbéèrè náà tọ bàbá àgbà kan lọ nísàlẹ̀, ó sì fi wákàtí kan dá wọn lóhùn: ó sọ nípa àwọn kòtò inú àpáta tí òjò máa ń kún, àti bí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó gbé ìkòkò lọ sódò. Kò sí owó tí a san fún èyí, àfi obì àti mílíìkì agolo méjì tí a fi kí i.

Ẹ má ṣàì dé Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kàbà. Òkè ló yí ìlú náà ká. Ibẹ̀ ni gbajúgbajà ọlọ́nà nnì, Màmá Nike Okundaye tí a bí ní 1951, ti wá, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí bí obìnrin ṣe ń hun aṣọ lórí òfì tí a gbé nàró, kí wọ́n mọ̀ pé aṣọ kì í hù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láti Kàbà sí Lọ́kọ́jà tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Òkè Patti ni ẹ ń lọ síbẹ̀, òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó fi nǹkan bí 458 mítà ga ju ojú òkun lọ. Mọ́tò lè gùn ún dé òkè, nítorí náà ẹ lè mú ìyá àgbà dání. Ilé ìsinmi Lugard, ẹni tí ó gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, wà níbẹ̀. Ẹ yára wò ó, kí ẹ sì kọjá sí etí òkè, nítorí pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ju ilé òyìnbó lọ. Odò Ọya, tí ó ti àwọn òkè Gínì wá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà dé òkun, àti Odò Bẹ́núé tí ó ti Kamẹrúùnù wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Àwọ̀ wọn kò bára mu. Wọ́n á ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ bí àlejò méjì tí kò tíì mọ ara wọn, kí wọ́n tó dàpọ̀. Jíọ́gíráfì tí àwọn ọmọ ti há sórí láìmọ ìdí rẹ̀ ni èyí. Nínú ìlú nísàlẹ̀, ẹ béèrè ilé ìwé Holy Trinity tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú rí.

Àsìkò ṣe pàtàkì. Bí ọyẹ́ bá ti mú, láti Oṣù Kejìlá lọ, eruku a bo gbogbo rẹ̀, ẹ ó gun Òkè Patti tán, ẹ kò ní rí odò kankan. Ní Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá, omi a máa kún. Ní 2012 àti ní 2022 àkúnya náà wọ inú Lọ́kọ́jà, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Ìsinmi gígùn Oṣù Kẹjọ ni àwọn òbí fẹ́ràn, ṣùgbọ́n àpáta a máa yọ̀ nínú òjò. Àwa fara mọ́ ìsinmi Àjíǹde, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku ojú ọ̀run tí koríko sì ti ń rú.

Nípa owó, ẹ má dá lọ. Ìdílé mẹ́rin tí ó gba bọ́ọ̀sì kan, tí wọ́n pín owó rẹ̀, yóò san díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ko owó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyá sì mú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lọ́wọ́, nítorí pé bàbá a máa "yá" nínú rẹ̀. Ìrẹsì, gààrì, ẹja gbígbẹ àti ìkòkò yín, ẹ kó wọn dání. Bí ẹ bá ní ẹbí níbẹ̀, ilé wọn ni kí ẹ sùn, ẹ kàn fi nǹkan kún owó ọbẹ̀ wọn. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó sọ iye kan fún wa lórí fóònù, tí ó sọ òmíràn nígbà tí a dé tòru tòru pẹ̀lú àwọn ọmọ tí oorun ń kùn. Láti ìgbà náà, a máa ń gbà á sílẹ̀ lórí ìwé.

Ẹ̀yin tí ìdílé yín wà ní òkè òkun, a kò gbàgbé yín. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM tí ó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní 1908, láti Kánádà ni ó ti wá, ilẹ̀ òjò dídì. Lónìí ọmọ Yàgbà ni ó kún Kánádà. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ yọ̀ lórí òjò dídì, ẹ yá bàtà àti pákó, ẹ má rà wọ́n, ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró lójú kan. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ìsinmi ilé ìwé Oṣù Kejì tí owó máa ń gun òkè. Àwọn tí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè wa mọ́tò lọ sí Glenshee tàbí Cairngorm ní Skọ́tílándì láìwọ bàálù. Kódà òjò dídì wà ní Áfíríkà: ní Oukaïmeden lẹ́bàá Marrakech ní Mòrókò, àti ní orí òkè Lẹ̀sótò láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹjọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn ajínigbé ń yọ ilẹ̀ yìí lẹ́nu. Ní Oṣù Kọkànlá 2025 wọ́n wọ ilé ìjọsìn kan ní Erúkù ní Kwara, tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ pe ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ ọ láti Èkó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti wọlé. Ẹ má gbé ètò yín sórí Facebook. Ẹ má gun òkè kankan láìmú ọmọ ìlú dání, kí baálẹ̀ sì mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ní Ọ̀bájáná, ẹ ṣọ́ra fún tírélà. Ìṣàn omi Òwù ní Ọ̀wá Kájọlà ní Kwara ga tó 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbá wù wá kí ẹ rí i, ṣùgbọ́n nítorí ìkọlù tí ó ti pọ̀ ní agbègbè Ìfẹ́lódùn, a kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀ báyìí.

Bí ẹni tí ẹ pè bá sọ pé kí ẹ má wá, ẹ má jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi owó tí ẹ ti kó jọ yà sí Ìkògòsì ní Èkìtì dípò rẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì pàdé. Ọmọ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan kí ó ti tòsì bọ èkejì. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, nítorí pé wọn kò ní gbà láti tètè jáde nínú omi.