Bàtà Wo ni Kí Ọkọ̀ Alágbára-méjì Wọ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ lè máa wí nínú ara yín pé kí ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ nípa oríkì àti gírámà mọ̀ nípa táyà. Ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, ẹni tí ó bá mọ ìwé kà ni wọ́n máa ń gbé ìwé oògùn, ìwé owó iná àti lẹ́tà báńkì fún. Wọn kì í bi í léèrè ohun tí ó ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ bàbá mi ṣe di tèmi. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé owó wà níbẹ̀, ẹ̀mí sì wà níbẹ̀.

Toyota Prius ti ọdún 2010 ni ọkọ̀ náà. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Bàbá ta ọkọ̀ tí ó ń lò, ó fi owó lé e, ó sì ra èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní háíbíríìdì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo, ó sì tún ní mọ́tò iná pẹ̀lú bátìrì ńlá kan ní ẹ̀yìn ìjókòó. Bí awakọ̀ bá ń tẹ bíréèkì, mọ́tò iná yìí a máa gba nínú agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré, a sì dá a padà sínú bátìrì. Bí ọkọ̀ bá sì ń rọra lọ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ pátápátá kí ó jẹ́ pé iná nìkan ni ó ń gbé e lọ. Èmi máa ń pè é ní ọkọ̀ alágbára-méjì. Bí àwọn olùkọ́ wa bá ní orúkọ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fún wa.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pá bí orí àgbà. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni Bàbá máa ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ wo ìyá rẹ̀, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi sọ fún un pé òun kò ní sùn mọ́ bí kò bá pààrọ̀ táyà wọ̀nyí. Ìgbà náà ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ibi gbogbo. Ẹni tí ń lẹ táyà ní ìkóríta wa ní táyà ni táyà ń jẹ́, èyí tí ó bá ti wọ ríìmù, kí wọ́n máa lò ó. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan tí òun náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ní tirẹ̀ pé irú táyà tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa mu epo bí ọkọ̀ yòókù, owó tí Bàbá fi rà á yóò sì di ìnáwó asán. Bàbá wò mí, ó ní, “Ìwọ lọ wádìí rẹ̀.”

Ohun tí ó wà lára táyà náà ni mo kọ́kọ́ kà. 195/65R15 89S ni wọ́n kọ sí i. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà ni 89S. Iye ẹrù tí táyà kan lè gbé ni 89 ń tọ́ka sí, èyí tí í ṣe 580 kílò. S sì ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ sáré ju 180 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,380 kílò kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, kí a má tíì sọ ti iṣu àti èlùbọ́ tí màmá àgbà máa ń dì fún wa láti Ọ̀yọ́. Nítorí náà, táyà tí wọ́n kọ 91H sí dára, nítorí pé ó ń gbé 615 kílò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré sí 89, kí á fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, ì báà wọ ríìmù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo. Bí ẹ bá fi ọ̀pá gbá ríìmù kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ríìmù irin tí ọmọ kan bá gbá lẹ́ẹ̀kan a máa yí lọ títí; ṣùgbọ́n táyà àlòkù tí kò ní afẹ́fẹ́, kò ní í yí ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó ṣubú. Ìdí ni pé bí táyà ti ń yí, ibi tí ó kan ilẹ̀ ń tẹ̀, ó sì ń padà nà. Nínú títẹ̀ àti nínà yìí ni agbára ti ń ṣòfò, tí ó ń di ooru. Àwọn tí ń ṣe táyà fún ọkọ̀ alágbára-méjì máa ń gbìyànjú kí òfò yìí kéré. Táyà “afàpọ̀” ni ti ọmọdé tí kò ní afẹ́fẹ́ yẹn lójú tèmi, táyà “ayí-gbirigbiri” sì ni èkejì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Báwo ni òfò náà ti pọ̀ tó? Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé bí a bá dín ìfàpọ̀ táyà kù ní ìdá 10 nínú 100, epo tí a óò rí fi pamọ́ kò ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 lọ. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ Bàbá ń mu nǹkan bí lítà 50 fún 1,000 kìlómítà. Bí a bá ra táyà tí ìfàpọ̀ rẹ̀ fi ìdá 20 ju ti ilé iṣẹ́ lọ, lítà kan sí méjì ni yóò fi lé e. Ní iye tí epo jẹ́ ní ìparí ọdún 2024, 1,000 sí 2,000 náírà ni ìyẹn. Owó ni, n kò sọ pé kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí yóò sọ ọkọ̀ alágbára-méjì di ọkọ̀ lásán, bí ọ̀rẹ́ Bàbá ti wí.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn awakọ̀ ibẹ̀ pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ìwọ̀n 1 lórí géèjì dín, epo a fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú 100 ṣòfò. Bí ó bá fi 10 dín, ìdá 2 ni yẹn. 35 fún iwájú àti 33 fún ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọkọ̀ Bàbá. Nígbà tí a fi géèjì wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, a bá 25 nínú méjì. Ẹni tí ń wá táyà tí kò ní jẹ kí epo ṣòfò ń gbé òfò rìn láti ilé!

A wá lọ sí ọjà Gate ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé táyà tòkunbọ̀ ni ó kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni táyà àlòkù wà lára ohun tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò fẹ́ kí ó wọ ilẹ̀ wa. Kò sì yẹ kí a dá àwọn tí ń rà á lẹ́bi. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe táyà ní ilẹ̀ yìí, Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Ti Michelin kógbá sílé ní 2007, kò sì pẹ́ tí ti Dunlop náà tẹ̀lé e. Kí àwọn yẹn tó dé pàápàá, nǹkan bí ọdún 1895, oje igi ìrẹ́ láti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn oníṣòwò Èkó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó láti fi ṣe rọ́bà. Àwa tí a ti ta rọ́bà fún wọn rí ni à ń ra àlòkù wọn.

Ọkùnrin tí ń ta táyà náà lawọ́. Ó yí ọ̀kan síwájú Bàbá, ó fi ọwọ́ gbá a. “Bàbá, ẹ wo ojú rẹ̀, kò tíì rìn rárá. Jámánì ni ó ti dé. Owó méjì tuntun, ẹ óò gbé mẹ́rin lọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó máa ń gbẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT. 3814 ni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe èyí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀mọ̀wé, táyà kì í gbó bí kò bá rìn.”

Ó ń gbó. Rọ́bà a máa gbẹ nínú àká, a sì sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Michelin fúnra wọn ní tí táyà bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dára. Èyí tí ó tún burú ni àwòrán kékeré kan tí mo rí lára rẹ̀: òkè onírorí mẹ́ta, tí wọ́n ya yìnyín sí àárín rẹ̀. Táyà ìgbà òtútù nìyẹn. Wọ́n po rọ́bà rẹ̀ kí ó lè rọ̀ níbi tí omi ti ń dì. Bí a bá gbé e wá sábẹ́ oòrùn Ìbàdàn, yóò rọ̀ kọjá bí ó ti yẹ, yóò tètè jẹ, ọkọ̀ yóò sì rìn jìnnà kí ó tó dúró bí a bá tẹ bíréèkì. Mo fi han Bàbá. Bàbá tẹ́jú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó ní, “Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Níbo ni tuntun wà?”

Owó ọwọ́ Bàbá kò ju ti méjì lọ. Ọ̀nà méjì ni a rí: ọ̀kan tí wọ́n polówó pé kì í jẹ́ kí epo ṣòfò, èkejì tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ìwé Yúróòpù lára. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n ti ń fi dandan lẹ ìwé yìí mọ́ táyà lọ́hùn-ún. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, láti A dé E ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, àmì kan fún epo, òmíràn fún bí táyà ti ń di ilẹ̀ mú bí ilẹ̀ bá tutù. Èkínní gba B ní epo, D ní ilẹ̀ tútù. Èkejì gba C ní epo, B ní ilẹ̀ tútù. Láti 1992 tí Michelin ti ń fi sílíkà, irú ohun tí ó wà nínú yanrìn, po rọ́bà, ó ti ṣeé ṣe kí táyà kan dára ní ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n irú èyí kò sí níwájú wa lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Bàbá mú èkejì. Ó bi mí pé ṣé ti epo tí òun torí rẹ̀ ra ọkọ̀ ńkọ́. Mo sọ ìṣirò lítà kan sí méjì yẹn fún un, mo sì rán an létí òjò ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ó san owó.

Ìjà tí ó kù wá jẹ́ ti ibi tí a óò fi wọ́n sí. Bàbá ní, “Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń wà, iwájú ni kí tuntun wà.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn ni àwọn tí ń ṣe táyà ní kí a fi í sí.” Bí iwájú bá yọ̀ nínú omi, awakọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ ọkọ̀, yóò sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ a yí po kí ó tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Bàbá kò dá mi lóhùn. Ó kọjú sí ẹni tí ń lẹ táyà, ó bi í pé kí ni ojú rẹ̀ ti rí. Ọkùnrin náà ní òun ti rí ju ẹyọ kan lọ nínú òjò tí ó yí, tí ó wá ń wo ibi tí ó ti ń bọ̀.

“Fi í sí ẹ̀yìn,” ni Bàbá wí.

Èyí tí ó sàn jù nínú àlòkù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a fi sí iwájú, Bàbá sì dáwọ́ ìrìn-àjò ọjọ́ òjò dúró fún ìgbà náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ìyá mi kó àjọ, a sì ra méjì yòókù, irú kan náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iye epo sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan tí ó wà nínú ọkọ̀. Lítà 51 ni ó mu ní 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́.