Díẹ̀díẹ̀ Ni Wọ́n Ń Fà Á

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fọwọ́ ara rẹ̀ to Firefox láti inú kóòdù rẹ̀ á mọ ohun tójú mi rí ní Ìdèrè. Láti 1998 ni Netscape ti ṣí kóòdù tí Firefox ti jáde sílẹ̀ fáyé. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó ń jẹ dátà! Mo tẹ git clone. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já kó tó parí, gbogbo ẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún já. Inú bí mi.

Ìyá àgbà ní, "Kí ló já?" Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn sí mi. Àpá sòbìà wà níbẹ̀, àrùn tó da ìlú wa láàmú nígbà kan.

"Igi tín-ín-rín la fi ń ká a, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bó o bá fipá fà á, á já sínú ẹran. Wàhálà dé nìyẹn."

Mo wá dúró dòru. Mo fi --depth 1 kún un, kó má baà kó gbogbo ìtàn àtẹ̀yìnwá kóòdù náà wá. Ó wọlé. Rámù mi ò ju 8GB lọ, nítorí náà mo ní kí ./mach build máa rọra ṣe é. Bíná bá lọ, tó bá dé, màá tún un tẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.

Nígbà tó ṣí, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ti yí padà nínú ẹ̀: "History" ti di "Ìtàn." Mo kà á fún Ìyá àgbà.

"Ìtàn ta ni?"

"Ti ẹni tó bá lò ó ni, mà."

"Kọ tèmi náà síbẹ̀."

Ohun tí mo ń kọ nìyí.